Bẹ́ẹ̀dì Inú Ọkọ̀ Búrẹ́dì

Nígbà tí Ìyá Oníbúrẹ́dì dé láti ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó bá àwọn pẹpẹ búrẹ́dì rẹ̀ nínú àgbàlá, òjò ti pa wọ́n, wọ́n sì ti ń dípẹtà. Ọkọ̀ akẹ́rù funfun tó fi ń gbé búrẹ́dì kiri dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ti gé fèrèsé méjì sí i lára. Orí ọkọ rẹ̀ yọ láti ojú ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó mi, káàbọ̀ o! Wò ó, mo ti ń sọ ọ́ di ilé. Bẹ́ẹ̀dì máa wà níbí, sítóòfù máa wà lọ́hùn-ún. Ìwọ, èmi, àwọn ọmọ, gbogbo wa la máa lọ sétí òkun, a máa sùn sínú ẹ̀."

"Kí ni mo máa fi gbé búrẹ́dì lọ́la?"

"Búrẹ́dì, búrẹ́dì! Ṣé búrẹ́dì la máa jẹ kú ni? O ò tiẹ̀ mọ ìgbádùn."

Ìyá Oníbúrẹ́dì kẹ̀yìn sí i. Ó wọnú ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó jókòó ti ààrò tó ti tutù, ìbínú rẹ̀ ń wú bí ìyẹ̀fun tí yíìsì rẹ̀ pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kó àwọn oníbàárà rẹ̀ jọ. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, nítorí ẹni tí ebi ń pa láàárọ̀ kì í dúró gbọ́ ẹjọ́ ọkọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ààrò náà, ó sì búra pé òun máa gbẹ̀san.

Bẹ̀rẹ̀-má-parí ni àdúgbò ń pe ọkọ rẹ̀. Ilé adìẹ rẹ̀ kò lórùlé, kànga rẹ̀ kò kan omi, gìtá rẹ̀ okùn méjì péré ló ní. Gbogbo ènìyàn gbà pé ọkọ̀ náà máa bá wọn kẹ́gbẹ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ìyàwó rẹ̀ gbé tíì jáde wá bá a nínú àgbàlá.

"Bàbá àwọn ọmọ, eléyìí, ẹ gbọ́dọ̀ parí ẹ̀."

Ẹnu ya ọkọ. "Ṣé inú ò bí ẹ mọ́ ni?"

"Inú tó ń bí mi ti lọ sùn."

Ó tẹ́ páálí ńlá sílẹ̀ ọkọ̀, ó ní kí ó dùbúlẹ̀, ó sì fi pẹ́ńsù fa ìlà yí i ká láti orí dé gìgísẹ̀. Bó ṣe máa ń gé bébà sínú páànù búrẹ́dì nìyẹn, kì í lo rúlà.

"Ò ń wọ̀n mí bí òkú," ni ọkọ rẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Òkú kì í yí ara padà. Ẹ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, mo fẹ́ kó gbà yín dáadáa."

"Ti àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ ṣì ń dàgbà. Ẹ parí tiyín ná."

Wẹ́dà wá láti so páìpù gáàsì. Ìyá Oníbúrẹ́dì dúró tì í, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn.

"Wẹ́dà, tí gáàsì yìí bá jò, tí fèrèsé sì wà ní títì, ṣé ẹni tó sùn á mọ̀?"

"Háà, Mọ́mì! Kò ní mọ̀ o. Oorun yẹn ló máa bá lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí rẹ̀, ká má parọ́. Ó wo páìpù náà títí. Lẹ́yìn náà ló ní kí wẹ́dà lu ihò afẹ́fẹ́ kan sísàlẹ̀, kan sókè, ó sì ki ìka bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.

Ó rán kọ́tìnì. Ó kó ìkòkò kan, abọ́ kan àti ife kan sínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ ní òun fẹ́ dáwọ́ dúró ná láti sin ẹja, ó gbé òòlù lé e lọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, òun àtàwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì a máa ha ìpẹtà ara àwọn pẹpẹ àtijọ́. Ọkọ rò pé wọ́n fẹ́ tà wọ́n fún oní-pàǹtí irin ni. Àwọn aládùúgbò ní sùúrù ni baba ìwà, wọ́n sì ń fi obìnrin náà ṣe àpẹẹrẹ fún ìyàwó tiwọn.

Ọkọ̀ parí lóòótọ́. Bẹ̀rẹ̀-má-parí dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó nà tàntàn, orí kò kan, ẹsẹ̀ kò kan. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìrìn àjò, èéfín ń rú láti ibi ààrò.

"O tún ń yan búrẹ́dì? Lónìí?"

"Èyí tẹ́ ẹ máa jẹ lọ́nà ni." Ó kó búrẹ́dì gbígbóná méjì fún un nínú ọ̀rá.

Àwọn ọmọbìnrin náà ń ru báàgì jáde pẹ̀lú sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀. Èyí àgbà kò jẹ́ kí ojú òun àti ti bàbá rẹ̀ ṣe mẹ́rin.

"Ẹrù yín mà pọ̀ o!"

"Ẹ ṣáà máa tò ó, Dádì."

"Ẹ wa ọkọ̀ bọ́ sójú títì," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "kí n ráyè ti géètì."

Ó wà á jáde. Ó dé fìlà, ó fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó tún un fun. Àwọn aládùúgbò ń juwọ́ sí i. Ó yọ orí síta, ó ní, "Ìyàwó mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ, oòrùn ti ń mú!"

Láti inú lọ́hùn-ún ni ìyàwó rẹ̀ ti fi àgádágodo kọ́ géètì, ó sì gba àárín irin sọ̀rọ̀ sí i jẹ́jẹ́ pé, "Aṣọ rẹ nìkan ló wà nínú gbogbo báàgì yẹn, ilé bàbá tèmi nìyí, ilé tìẹ nìyẹn, o sì ti parí ẹ̀."