Bọ́tìnì Tó Ń Pa Èèyàn Lẹ́nu Mọ́

Ọmọge tó ṣe áàpù takisí wọ ọkọ̀, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni mo ṣe áàpù tí ẹ fi wá gbé mi yìí?"

"Ẹ̀n-ẹ́n?" ni awakọ̀ wí.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ó ní àwọn bi àwọn èèyàn lórí ayélujára pé kí ni káwọn fi kún un.

Ẹnì kan tó ń jẹ́ Etí Mi Ti Kún kọ ọ́ pé: "Ẹ fún wa ní bọ́tìnì tá a máa tẹ̀, tí ẹni tá a jọ wà nínú ọkọ̀ á fi dákẹ́."

Ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló gbè é lẹ́yìn.

"Àṣé ẹ̀yin awakọ̀ lẹ ń fi ọ̀rọ̀ pa èrò!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀la ni bọ́tìnì náà ń jáde, orí fóònù èrò nìkan. Tí wọn ò bá lò ó, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Awakọ̀ tẹjú mọ́ ọ̀nà. Ọmọge ò sinmi ẹnu.

Wọ́n dé. Awakọ̀ yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi bọ́tìnì yẹn sórí fóònù àwa awakọ̀ náà. Èmi ni Etí Mi Ti Kún."