Géèmù Tí Kò Ṣí Lórí Linux

Sàfúrátù aláró gbé láptọ́ọ̀pù wá sí ṣọ́ọ̀bù Dìran ní Aké. Aró ṣì wà léèékánná rẹ̀. Ó jókòó kí wọ́n tó ní kó jókòó.

"Láti ìgbà tó o ti tún un ṣe," ó ní, "géèmù bọ́ọ̀lù inú ẹ̀ ò ṣí mọ́."

Dìran rántí iṣẹ́ náà. Díìsìkì rẹ̀ ló bàjẹ́. Nígbà tó fẹ́ fi tuntun sí i, Àmínù, ọmọ obìnrin náà, ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé Linux lòun fẹ́ kó máa darí ẹ̀rọ náà, òun ò fẹ́ Windows. Inú Dìran dùn lọ́jọ́ náà, torí Linux lòun náà ń lò, àwọn tó ń béèrè fún un ò sì pọ̀ ní Aké.

"Ẹ má bínú, Màámi. Àwọn tó ṣe géèmù yẹn ò ṣe ti Linux. Tó bá di ọ̀rọ̀ géèmù, àjẹkù làwa onílinux máa ń jẹ. Mo sọ fún Àmínù kí n tó fi sí i, ó ní kò séwu."

"Bá mi wá nǹkan ṣe sí i."

Sàfúrátù ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Yasir, àkọ́bí òun, gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Kò ní fóònù níbẹ̀. Inú géèmù yẹn nìkan ni Yasir àti Àmínù ti ń pàdé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí Yasir á sì kọ̀wé síbẹ̀. Òun ò mọ̀wé kà, Àmínù ló máa ń kà á sókè: Yasir ti ríṣẹ́, Yasir ní kí wọ́n kí Màámi.

"Kí ni Àmínù wá wí sí i?"

"Kò wí nǹkan kan."

Nígbà tí obìnrin náà ti lọ, Dìran wá ètò kan tó máa ń tan géèmù jẹ bíi pé orí Windows ló wà. Ojú ẹ̀rọ kọ́kọ́ ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà ohùn ń jáde, àwòrán ò jáde. Nígbà tó yá, pápá ìṣeré yọ, ewéko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, Dìran sì rẹ́rìn-ín òun nìkan.

Ó tẹ ibi tí orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ máa ń wà, kó lè mọ̀ bóyá ayélujára ń wọlé dáadáa. Orúkọ kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀, ti Yasir. Láti ọdún tó ti kúrò nílé ni kò ti wọlé sínú géèmù náà mọ́, kò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan.

Dìran gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Àmínù fúnra rẹ̀ ló ń hùmọ̀ gbogbo ohun tó ń kà. Irọ́ ti sú ọmọ náà, ló fi wá Linux lọ, torí ó mọ̀ pé géèmù ò ní ṣí lórí rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Dìran. Bó bá ní géèmù ti ṣí, ọmọ náà á tún jókòó ti irọ́. Bó bá sọ ohun tó rí, òun ló máa pa Yasir lójú ìyá rẹ̀. Kò rí ibi tó máa gbà.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e lọ sílé wọn. Àmínù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dìran kí i, ó kàn mi orí. Ìyá rẹ̀ ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé.

"Màámi, mo ṣe é títí, kò gbà," Dìran ní. "Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Sàfúrátù sún mọ́ ọn.

"Bó bá jẹ́ torí ohun tó o rí níbẹ̀ ni, má wulẹ̀ parọ́ fún mi," ó rọra sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ má bàa dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, "ẹni tó sin Yasir sínú iyanrìn ti wá bá mi nígbà tí mo lọ sí Ìtòrí, mo sì ti ṣe fídáù ẹ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ kí àbúrò ẹ̀ mọ̀, àmọ́ ìdí géèmù yẹn nìkan ni Àmínù ti máa ń bá mi sọ̀rọ̀."