Ìjókòó Tí Àbúrò Gbà Sílẹ̀

Ilé-iṣẹ́ tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún Kẹ́yìndé kọ́ ló ni bàálù náà. Ilé-iṣẹ́ méjì ló jọ ń pín in lò. Orí ìlà àwọn tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ló ti fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ṣòfò. Nígbà tó fi sáré dé káńtà kejì, ti àwọn tó ni bàálù, kò sí èrò kankan níbẹ̀ mọ́, àfi obìnrin òṣìṣẹ́ kan tí kò gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ẹ fún mi ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí n lè tètè sọ̀ kalẹ̀ lọ bá bàálù kejì. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọbìnrin mi ní Tòróńtò. Kò lẹ́nì kankan níbẹ̀."

Ó gbé àpótí rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n náà kò mira, bí ẹni pé kò gbé nǹkan kan lé e.

"Bàálù ti kún, mà. Àmọ́ àbúrò yín ti gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún yín."

"Àbúrò wo? Èmi nìkan ni mò ń lọ."

"Táyé ni wọ́n pe ara wọn. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rán àwọn síwájú."

Táyé, ìkejì Kẹ́yìndé, kò tíì pé ọjọ́ ìkómọ tí wọ́n fi sin ín.

"Ṣé kí n fún ẹlòmíràn ní ìjókòó náà, mà? Wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn."

Kẹ́yìndé rántí ọmọ rẹ̀. "Ẹ má fún ẹnikẹ́ni."

Ìjókòó méjì ló ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bàálù. Ó jókòó sí ọ̀kan, ó de bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì ìjókòó kejì náà dún, ó sì so mọ́ra. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ kékeré kan tó tutù di àtàǹpàkò rẹ̀ mú.