Fìlà Tí Kadarrius Jù Sílẹ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ ní sùúrù, ẹ ka ìtàn yìí dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí mi, kó kọ́kọ́ kà á tán.

1. Ní Alabama nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, kò sẹ́ni tí kò mọ Kadarrius, ọmọ Lorene tó ń dáná ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ń ju bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, bí ẹni tó ń ta ọfà. Àwọn tó ń díwọ̀n àwọn ọmọ agbábọ́ọ̀lù fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún, kò sì sí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ yan yunifásítì, wọ́n to fìlà mẹ́rin sórí tábìlì nínú gbọ̀ngàn níwájú gbogbo ìlú, fìlà kan fún ilé-ìwé kan; èyí tó bá dé ni ilé-ìwé tó yàn. Ó mú ti kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré àdúgbò wa, ó gbé e dé orí. Omi ayọ̀ bọ́ lójú Kóòṣì Mabry tó ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ẹni tó ti gbà á gbọ́ nígbà tẹ́nì kan ò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Àfi gbàà! Kadarrius ju fìlà náà sílẹ̀, ó dé ti yunifásítì ńlá. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Lorene nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú fìlà tọ́mọ rẹ̀ jù sílẹ̀ náà.

"Màmá, eré ni mo ṣe o!"

"Mo rí i."

2. Ní yunifásítì, kóòṣì ibẹ̀ ní: "Jókòó ti Pruitt, àgbà tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa, fọ́dún kan. Wo bó ṣe ń ṣe é."

"Kóòṣì, ẹni tó ní ìràwọ̀ márùn-ún kì í jókòó!"

Kò ṣí ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ eré. Ìgbà tí wọ́n wá mú un wọ pápá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ ọ̀tá. Wọ́n hó lé e lórí. Ló bá lóun fẹ́ pààrọ̀ ilé-ìwé.

"Bó o bá ti forúkọ sílẹ̀ pé o fẹ́ kúrò," ni Lorene wí, "ẹlòmíì ni wọ́n á fún láyè rẹ. Bí ilé-ìwé kankan ò bá wá pè ọ́ ńkọ́?"

"Fóònù mi á gbóná débi pé ẹ̀yin gan-an ò ní rí mi pè!"

3. Ó forúkọ sílẹ̀, ó padà wálé, àmọ́ fóònù dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mabry nìkan ló pè. "Àyè kan ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ wa. Dé fìlà ọjọ́sí wá lọ́la."

Lorene gbé fìlà náà jáde. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní.

"Kí n dé èyí, kí wọ́n máa fi mí ṣẹ̀sín? Mi ò dé e!"

"Àwọn tó bá ọ rẹ́rìn-ín ti lọ sílé wọn, ọmọ mi. Ìwọ ló kù."

Kò lọ. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ẹlòmíì ló gba àyè náà.

Lónìí, Kadarrius ń di adìyẹ sínú páálí nílé iṣẹ́ kan. Iṣẹ́ gidi ni, mi ò bú u. Àmọ́ títí di ìsinsìnyí, ó ṣì ń gbé àgbọ̀n sókè: "Ìràwọ̀ márùn-ún ni mí!" Fìlà náà ṣì wà lára ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, èèyàn ló ń fúnni ní ìràwọ̀, èèyàn náà ló ń gbà á. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́. Ẹ má fi ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ràn yín ṣe ẹlẹ́yà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.