Mẹ́tàlì Ló Wà Létí Mi

Níbi àyẹ̀wò àwọn sójà ní Jiddari Polo, lápá àríwá, láàárín èrò, ojú ọmọbìnrin àgùnbánirọ̀ kan àti ti sójà kan ṣe mẹ́rin. Bọ́ọ̀sì Ìbàdàn tí ọmọbìnrin náà fẹ́ wọ̀ ti fẹ́ gbéra. Sójà ka orúkọ tó wà láyà kákí rẹ̀, ó fi Yorùbá bi í:

"Kọ́pà, kí ló wà létí ẹ?"

"Mẹ́tàlì ni."

Kíá làwọn èèyàn sá sẹ́yìn bí ẹni gbọ́ bọ́ǹbù. Ó ku ọmọbìnrin náà nìkan, ọwọ́ lókè.

"Orin ni, ẹ̀gbọ́n. Orin mẹ́tàlì."

Sójà yọ íápíìsì kan létí rẹ̀, ó tì í bọ etí ara rẹ̀. Ìka rẹ̀ ń lu ìdí ìbọn.

"Irú mẹ́tàlì tí wọ́n ń pè ní tíráàṣì nìyí."

"Rárá o. Tíráàṣì máa ń sáré. Gúrúùfù ni, irú tó máa ń rọra rìn."

"Gìtá tíráàṣì náà ni, àbúrò. Ìlù ni wọ́n kàn fà sẹ́yìn." Ó mí kanlẹ̀. "Ọdún mẹ́ta rèé, wọn ò jẹ́ n lọlé. Wọ́n tún ti pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì."

Ó fa ìwé kan yọ lápò àyà. Ọmọbìnrin náà wo ìwé náà. Ó rò pé lẹ́tà ìfẹ́ ni, àfìgbà tí sójà kà á sókè:

"Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ olórin wa ní Mọ́kọ́lá, ẹ má retí mi mọ́. Ẹ wá onílù mìíràn."

"Bá mi fún wọn tó o bá dé Ìbàdàn." Ọmọbìnrin náà na ọwọ́ gbà á. Sójà di ìwé náà mú díẹ̀ sí i, kó tó jẹ́ kó bọ́ sí i lọ́wọ́.