Ẹkún Ìdágbére Lójú Fóònù

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òkè òkun wá kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní Bíbélì ń padà sílé lónìí.

Ó ti sunkún lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n fóònù kò gbé e jáde dáadáa. Ó ní òun á tún un sun.

"Àǹtí agbálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di fóònù yìí mú. Àwọn ará ìjọ wa ń wò wá láti ilé."

Agbálẹ̀ nu ọwọ́ sára aṣọ, ó gbà á. Ẹkún tó gba kéèyàn kọ́kọ́ wo dígí, kò rí irú ẹ̀ rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ gbá ọmọdébìnrin kan mọ́ra.

"Ẹ̀yin ará, ọmọ tí mo ń sọ nìyí. Kò ní ìyá. Ta ni yóò máa dirun fún un bí mo bá lọ?"

"Ta ló sọ pé kò ní ìyá?"

"Àǹtí, látìgbà tí mo ti dé, kò pe ẹnì kankan ní màmá."

Agbálẹ̀ yí fóònù sójú ara rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, ará ìjọ. Ọ̀gá iléèwé wa ló ní kí ọmọ òṣìṣẹ́ má pe ìyá ẹ̀ ní màmá níbí, kó máa pè é ní àǹtí. Èmi ni ìyá ẹ̀. Wọn ò tíì sin mí."