Ta Ló Tún Mi Ṣe?

Láti àárọ̀ ni ọkọ̀ Fọláyẹmí ti ti bàbá rẹ̀ mọ́nú, nítorí sẹ́ńsọ̀ inú salẹ́ńsà sọ pé èéfín rẹ̀ dọ̀tí. Òòlù kì í fọ́ gíláàsì òde òní.

Èmi, mẹkáníìkì rẹ̀, fi ìfófòó ọṣẹ pa salẹ́ńsà. Ó hó níwájú sẹ́ńsọ̀: ihò bí ojú abẹ́rẹ́ ló ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, tó ń tàn án jẹ. Mo jó o dí. Iná pupa di àwọ̀ ewé.

"Ta ló tún mi ṣe?" ni ọkọ̀ bi wá.

Kí n tó ṣẹ́jú sí i pé kó má dárúkọ mi, Fọláyẹmí ti fayọ̀ kígbe: "Ọ̀gá Láṣebìkan ni! Kò sí mọ́tò tí apá wọn ò ká!"

"Kò níwèé àṣẹ. Ìlẹ̀kùn di ọ̀túnla kó tó ṣí," ni ọkọ̀ dá a lóhùn.

Fọláyẹmí kúnlẹ̀ fún ọkọ̀. "Irọ́ ni mo pa, sà!"

Bàbá ń gbá gíláàsì. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, kò gbá a mọ́.